Tákàdá tó Ti Èkó Wá

Bí ẹ bá gbọ́ pé amọ̀kòkò kan fẹ́ràn òjò, ẹ ó ní orí rẹ̀ kò pé. Ọ̀tá ìkòkò tútù ni òjò. Ìkòkò tí èèyàn fi odindi ọjọ́ kan mọ, tó wá gbé sójú oòrùn kó lè gbẹ, ẹ̀kán òjò díẹ̀ á sọ ọ́ di ẹrẹ̀ padà. Síbẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni Hàlímọ̀tù Àbẹ̀ní rí, ìyáàlé mi nínú agboolé wa ní Òkèlele. Ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, bí sánmọ̀ bá ti ń ṣú bọ̀ láti orí òkè Sóbí, gbogbo àwa yòókù á máa sáré kó iṣẹ́ wa wọlé, a ó máa kùn. Òun á kọ́kọ́ dúró láàárín agbàlá, á gbójú sókè, á fa afẹ́fẹ́ símú, á ní, "Ẹ gbóòórùn ẹ̀! Ẹ gbóòórùn ilẹ̀!" Èmi á pariwo mọ́ ọn pé kó wá gbé ìkòkò ẹ̀.

Mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ bó ṣe rí gan-an, nítorí àwọn tó gbọ́ ààbọ̀ ti sọ ọ́ di ẹ̀rín. Wọ́n ní òmùgọ̀ obìnrin ni. Irọ́ ni wọ́n pa. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, èmi Safiyat ni mo di igbá mú. Ọjọ́ tó wá bàjẹ́ tán, ẹnu mi ni ìbàjẹ́ náà ti jáde. Bí ẹ bá fẹ́ bú u, ẹ kọ́kọ́ bú mi.

Ọkọ rẹ̀ ni Láwàl, ọmọ bíbí inú agboolé wa, ẹbí ọkọ tèmi. Nígbà tí àwọn Òyìnbó ń la ọ̀nà rélùwéè kọjá lára ìlú wa, Láwàl wà lára àwọn tó ń ru irin. Irin dé Jẹ́bà, iṣẹ́ tán, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà sóko wọn. Láwàl ní ọ̀nà tí òun fi èjìká òun ru, òun gbọ́dọ̀ mọ ibi tó já sí. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Èkó. Ó ní òun fẹ́ fi oṣù mẹ́ta wo òkun. Oṣù mẹ́ta di ọdún mẹ́rin. À ń gbọ́ pé ó ń bá wọn já ẹrù ọkọ̀ òkun, pé ara rẹ̀ le, pé ó kí wa. Ó kí wa, ó kí wa. Ìkíni kì í yóni.

Àbẹ̀ní bí ọmọ kan fún un kó tó lọ. Ọmọ náà kò lo ogójì ọjọ́ láyé. Nígbà tí Láwàl wá lọ, òun nìkan ló kù nínú yàrá yẹn. Ẹ má sọ fún mi pé agboolé kún. Lóòótọ́ a lé ní ogún, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, oníkálukú á wọ yàrá rẹ̀ lọ bá èèyàn rẹ̀, òun á wọ tirẹ̀ lọ bá ògiri. Mo máa ń gbọ́ ọ tó ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀. Á ní, "Ìwọ, ẹnu ẹ wọ́, ta ni yóò wá fẹ́ ẹ?" Á rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà n kò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, á gbé ẹní Láwàl jáde, á sá a sóòrùn, á gbọ̀n ọ́n, á tún ká a wọlé. Ẹní tí ẹnikẹ́ni kò sùn lé.

Ní ọyẹ́ ọdún kẹrin yẹn, orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Iṣẹ́ wa ló fà á. Bí a bá ń mọ ìkòkò, ṣe la máa ń bẹ̀rẹ̀ yí i po, tí a ó máa fẹ̀yìn rìn, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ó bá ránṣẹ́ sí Èkó. Ẹni tó rán ni Danjuma, ọkùnrin Gàmbàrí kan tó máa ń kó kán-ún lọ sí Èkó, tó sì máa ń kó obì bọ̀. Ó ní, "Bá mi sọ fún Láwàl pé orúnkún ò jẹ́ n gbádùn. Kó bá mi wá àdúà lọ́wọ́ àwọn àáfà Èkó." Danjuma ní òun gbọ́.

Ẹ̀ẹ̀rùn ti ń parí lọ nígbà tí Danjuma padà dé. Igi irú ti yọ òdòdó pupa, mángòrò ti ń pọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ooru sì mú débi pé ewúrẹ́ kì í fẹ́ kúrò lábẹ́ àká. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ jókòó, ó ń kánjú lọ sí Bídà. Ó na nǹkan kan sí Àbẹ̀ní, bébà tí wọ́n ká lẹ́ẹ̀mẹrin, tí wọ́n fi òwú dì.

"Ìyàwó Láwàl, ọkọ ẹ kí ẹ. Ó ní kí n fún ẹ ní tákàdá yìí. Ó ní kó má pẹ́ lọ́wọ́ ẹ o. Bí mo bá ń padà bọ̀ láti Bídà, màá yà."

"Àdúà mi dé!" Àbẹ̀ní kígbe, ó fi tákàdá náà kan iwájú orí rẹ̀. Danjuma ti bọ́ sójú títì nígbà yẹn. Kò gbọ́ ọ.

Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àáfà á fi tàdáwà kọ àdúà sára wàláà, pátákó ìkọ̀wé ilé kéú, tàbí sínú bébà, aláìsàn á fi omi fọ̀ ọ́, á mu omi náà. Hàntú nìyẹn. Láti kékeré la ti ń mu ún, fún ikọ́, fún iyè, fún ọmọ bíbí. Mo ní kó lọ fi han Àáfà Àbdùlkàrímù tó ní ilé kéú lẹ́yìn agboolé wa, kó kọ́kọ́ bá a wò ó. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé. "Iṣẹ́ ọwọ́ àáfà kan ni mo fẹ́ gbé lọ síwájú àáfà mìíràn? Ṣé mo fẹ́ kó bàjẹ́ ni?" Ó tún ní òun kò ní fi omi kànga fọ ohun tó ti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ wá. Omi tó ń ti ọwọ́ Ọlọ́hun bọ̀ tààrà, tí ilẹ̀ kò tíì fọwọ́ kàn, ni òun máa fi mu ún. Ó gbé tákàdá náà sábẹ́ ẹní Láwàl, ó ń retí òjò.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni òjò dé. Afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ wá, ó gbé eruku gbogbo Òkèlele dà sí wa lójú, ó já mángòrò lulẹ̀, àwọn ọmọdé sì ń jà sí i. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kán ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sínú eruku, òórùn ilẹ̀ sì gba gbogbo agbàlá. "Safiyat, gbé igbá wá!" Mo gbé igbá, mo dúró sójú òjò, òun náà dúró tì mí. Ìkòkò mẹ́fà wà nílẹ̀ tí a kò rántí. Omi ń ṣàn lójú wa, ó tutù débi pé eyín mi ń gbá ara wọn. N kò mọ ìgbà tí mo ti rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Obìnrin méjì, aṣọ lẹ̀ mọ́ wa lára, à ń gbé igbá sókè bí ẹni ń tọrọ.

Nígbà tí igbá dé ìdajì, a wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tú òwú náà. Bébà méjì ni, wọ́n kọ ọ́ kún fọ́fọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀wé kà nínú àwa méjèèjì, ṣùgbọ́n a mọ bí ọwọ́ àáfà ṣe máa ń rí. Èyí wọ́. Ìlà kan ń gòkè, èkejì ń sọ̀kalẹ̀. Mo ní, "Àáfà Èkó yìí, àbí inú ọkọ̀ ojú omi ló ti ń kọ̀wé ni?" Ó lù mí léjìká, ó ń rẹ́rìn-ín. Nísàlẹ̀ bébà kejì, wọ́n ya àpótí kéékèèké márùn-ún tí wọ́n so mọ́ ara wọn, nǹkan róbótó-róbótó sì wà lábẹ́ wọn. Àbẹ̀ní fi ìka tọ́ ọ. "Hàtímù nìyẹn," ló wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Hàtímù ni àpótí-àpótí tí àwọn àáfà máa ń yà sínú tírà. Ẹni tí wọ́n bá ya hàtímù fún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe kékeré lójú ẹni tó yà á. Inú rẹ̀ dùn pé Láwàl lè wá irú èyí fún òun.

Ó ní, "Bìsìmílà," ó ri bébà náà sínú omi. Tàdáwà ń tú jáde díẹ̀díẹ̀ títí omi fi dúdú. Ó mu ún, ó lá ètè rẹ̀.

"Ó níyọ̀."

Ó fún mi ní ìyókù kí n lè rí nínú alùbáríkà rẹ̀. Mo mu ún. Lóòótọ́, iyọ̀ wà níbẹ̀. Bébà tó kù, tó ti funfun, ó sá a, ó fi òwú Láwàl dì í mọ́ orúnkún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, èsúnsún yọ láti ibi gbogbo. A kó o, a yan án, a jẹ ẹ́ gbígbóná, ìyẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ wa níka. Orúnkún náà sì sàn. Ẹ má bi mí bó ṣe sàn. Mo rí i tó jókòó lórí ìjókòó rẹ̀, tó dìde láìdi ògiri mú, tó tún jókòó, tó tún dìde, kó kàn lè rí i pé òun lè dìde. Ó ní, "Láwàl kò gbàgbé mi." Ìgbà mélòó ló sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn? N kò lè ka iye.

Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn òjò yẹn ni Danjuma ti Bídà dé.

"Ìyàwó Láwàl, èsì dà?"

"Èsì kí ni?"

"Èsì tákàdá. Ohun tó bi ẹ́ nínú lẹ́tà. Wállàhí, ọkọ ẹ ní n kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ òun láìmú èsì bọ̀."

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Lẹ́tà? Ta ló kọ lẹ́tà?"

"Láwàl ni, fúnra ẹ̀!" Danjuma rẹ́rìn-ín. "Ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ àáfà kan níbi tó ń gbé. Yorùbá ni, ó kàn fi lẹ́tà kéú kọ ọ́. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ló fi jókòó sétí ọ̀sà tó ń kọ ọ́. Mo ní kó sọ ọ́ fún mi lẹ́nu kí n bá a jẹ́ iṣẹ́, ó ní rárá, ọ̀rọ̀ òun àti ìyàwó òun ni."

Àbẹ̀ní fa ìró bo orúnkún rẹ̀.

Ẹ gbọ́ mi. Lẹ́nu àwọn Gàmbàrí, tákàdá ni bébà, tákàdá náà ni lẹ́tà. Lẹ́nu tiwa, àwa obìnrin Òkèlele tí kò sẹ́ni tó kọ̀wé sí wa rí, tákàdá tó bá ti ọwọ́ èèyàn wá, tí wọ́n ká tí wọ́n dì, àdúà ni. Láwàl tí a sì mọ̀, ilé kéú mẹ́ta ló ti sá kúrò. Àáfà kan sọ nígbà kan pé orí rẹ̀ dà bí òkúta odò Àsá, omi ń gorí rẹ̀ kọjá, kò wọnú rẹ̀. Ta ni yóò rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò jókòó, ní àgbàlagbà, kó kọ́ ìwé nítorí ìyàwó?

Àbẹ̀ní bu omi fún Danjuma, ó fà mí wọ yàrá.

"Safiyat, mo ti mu ọ̀rọ̀ ọkọ mi."

"Sọ òótọ́ fún ọkùnrin yìí kó lọ sọ fún un."

"Kó lọ sọ ọ́ níwájú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀? Kí gbogbo Èkó máa fi Láwàl ṣẹ̀sín? Ẹni tó kọ́ ìwé, ìyàwó ẹ̀ wá fi omi mu ún." Omi ti lé sí i lójú. "Kí ni kí n wá sọ?"

Ibi tí mo ti ṣẹ̀ rèé. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà, mo rò pé mo gbọ́n. Mo ní, "Sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohunkóhun tí ọkọ bá bi ìyàwó ẹ̀, ta ló ń sọ pé rárá? Bẹ́ẹ̀ ni kì í ba nǹkan jẹ́." Ó nu ojú rẹ̀, ó jáde.

"Sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ó tán?"

"Ó tán." Ṣùgbọ́n bí Danjuma ṣe ń dìde, Àbẹ̀ní dá a dúró. Ó bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù láìfẹ́ kí wọ́n mọ̀: "Báwo ni Èkó ṣe máa ń rí lásìkò yìí?"

Danjuma tún jókòó. Ó ní òun kò fẹ́ràn Èkó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí àkọ́rọ̀ òjò ibẹ̀ kò ní dùn mọ́. Ó ní ọ̀sà máa ń yí àwọ̀ padà, á dúdú lápá kan, á tàn lápá kejì. Ó ní bí òjò bá ti dá, alákàn á jáde nínú ihò, á máa rìn kọjá níwájú ilé bí ẹni tó ń lọ ọjà. Afẹ́fẹ́ tútù á máa ti ojú òkun wá, àwọn ọlọ́kọ̀ á ta aṣọ sókè, ọkọ̀ á máa sáré láìsí ẹni tó ń wà á. Ìdí àgbọn làwọn èèyàn máa ń jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á máa jẹ ẹja yíyan, kò sẹ́ni tó ń kánjú. Ó ní ibẹ̀ ni Láwàl máa ń jókòó sí, òun nìkan. Àbẹ̀ní gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìmira. Mo mọ ohun tó ń ṣe. Ó ń wá lẹ́tà rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń retí Láwàl. Ó gbà pé ohun tó bi òun ni pé ṣé kí òun máa bọ̀ wálé. Ó rẹ́ ilẹ̀ yàrá, ó mọ ìkòkò omi tuntun fún un. Ẹní tó ń sá ní ọjọ́ Jímọ̀, ó ti wá ń sá a ní àràárọ̀. Òjò lọ, àwẹ̀ dé, a túnu, Láwàl kò dé.

Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tún dé ni Danjuma yọ. Kò kí wa bó ṣe máa ń kí wa.

"Ìyàwó Láwàl, o ò ṣe dáadáa. Ọkùnrin náà ní kí o wá bá òun ní Èkó. Ó ní bí o bá gbà, kí n mú èsì wá, òun á gba yàrá tó kọjú sí ọ̀sà, kí ìwọ bá àwọn aláṣọ òfì tó ń lọ sí Èkó wọ ọkọ̀ ojú irin. Ó ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lòun máa wà ní Ìdó tí ọkọ̀ náà ń já sí. Ó tilẹ̀ ya ọkọ̀ náà sínú ìwé kí o má baà bẹ̀rù ẹ̀. O ní bẹ́ẹ̀ ni. Jímọ̀ mẹ́wàá ló fi dúró ní Ìdó pẹ̀lú agbòòrùn lábẹ́ òjò. Ní ìkọkànlá, ó ní ẹni tó ní bẹ́ẹ̀ ni tí kò wá, rárá ló fẹ́ sọ. Ó ti bá ọkọ̀ òkun lọ sí ìlú Àkárà lọ́hùn-ún."

Àpótí márùn-ún, róbótó-róbótó lábẹ́ wọn. Ọkọ̀ ojú irin ni. Mo jókòó sílẹ̀. Jímọ̀ mẹ́wàá tí ọkùnrin yẹn fi dúró, ní agbàlá wa, ìyàwó rẹ̀ ń gbọn ẹní rẹ̀.

Àbẹ̀ní kò sunkún. Kò bú mi, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó kàn ní, "Ẹ ṣeun, Danjuma." Ó ránṣẹ́ sí Àkárà lọ́dún náà, ó tún rán lọ́dún kejì àti ìkẹta, lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ síhà ibẹ̀, òótọ́ ọ̀rọ̀ pátá, tòun ti ọ̀rọ̀ igbá. Kò sẹ́ni tó bá a rí Láwàl.

Nígbà tó yá, ó lọ bá Àáfà Àbdùlkàrímù, ó ní òun fẹ́ kọ́ kéú. Àáfà rò pé àdúà ìrun ló fẹ́ kọ́. Ó ní rárá, òun fẹ́ mọ lẹ́tà, alífù títí dé òpin, àti bí wọ́n ṣe ń fi kọ Yorùbá. Ó jókòó sáàárín àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà, amọ̀ ṣì wà léèékánná rẹ̀, ó ń gbé ohùn pẹ̀lú wọn. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Ó ní, "Bí òmíràn bá dé, màá kà á." Ọdún méje ni mo gbọ́ ọ tó ń kà lẹ́yìn ògiri, lásìkò tó máa ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Òmíràn kò dé.

Ó kú ní ọdún kẹta lẹ́yìn ogun Jámánì, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí àkọ́rọ̀ òjò dé. Èmi ni mo palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo ká ẹní Láwàl, mo bá wàláà kan lábẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ kún, ìlà rẹ̀ tọ́, ó mọ́. N kò fi omi kàn án. Mo gbé e lọ bá Àáfà Àbdùlkàrímù, mo ní kó kà á fún mi. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan fún ara rẹ̀, kó tó kà á sókè:

"Láwàl, mo ti rí lẹ́tà rẹ, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ọwọ́ rẹ wọ́, ṣùgbọ́n mo kà á. Yàrá tó kọjú sí ọ̀sà wù mí. Mò ń bọ̀ ní Jímọ̀. Òjò lè rọ̀, mú agbòòrùn dání."

Àáfà nawọ́ sí omi, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe bí ọmọ bá ti ka wàláà tán tí wọ́n fẹ́ fọ̀ ọ́. Mo gba wàláà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi títí di òní. Bí sánmọ̀ bá ti ṣú lórí òkè Sóbí báyìí, tí àwọn ìyàwó ilé ń sáré kó ìkòkò, èmi kì í bá wọn kó o mọ́. Wàláà yẹn ni mo máa ń gbé wọlé.